Ẹnu Tí Mo Yá Dókítà

Kíláàsì kẹta ni wọ́n sọ di ilé ìwòsàn.
Wọ́n fi aṣọ bẹ́ẹ̀dì bo fèrèsé,
ìlọ́po méje ṣì wà lójú pátákó, kò sẹ́ni tó rántí nù ún.
Oṣù kajú ni. Gbogbo afẹ́fẹ́ Ìsánlú ń rùn bí èso tó rà sábẹ́ igi,
oje kajú ti bó ìka àwọn tó tò sílẹ̀.
Dókítà Ẹ́sítà wá láti Kánádà, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n.
Ó fi ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ wá, ó san owó ọkọ̀ ara rẹ̀,
ó ní Jésù ló ní kí òun máa bọ̀.
Èmi, tíṣà tí wọn ò tíì sanwó oṣù mẹ́ta fún,
ni wọ́n ní kí n wá ṣe ògbufọ̀.

"Okun o" ló kọ́kọ́ kọ́.
Ó ń pè é bí òkun tó là kọjá.
Àwọn ìyá rẹ́rìn-ín, wọ́n dáhùn, wọn ò tún un ṣe.

"Ẹni ọdún mélòó ni Màmá?"
Ìyá Mẹ́dùpin fi ojú tí kò ríran wẹ̀yìn:
"Ọdún tí eṣú jẹ ọkà bàbà wa tán,
ìyá mi ti ń pọ̀n mí lọ sódò."
Mo wo ìwé. Àyè nọ́ńbà méjì péré ló wà níbẹ̀.
Mo kọ méjìdínlọ́gọ́rin. Kí Ọlọ́run dárí jì mí.

"Bi í, kí ló wù ú jù láti rí?"
Mo rò pé yóò dárúkọ ọmọ-ọmọ,
tàbí Bíbélì, kí inú àlejò lè dùn.
"Ẹni tó ń jí ẹyin adìẹ mi kó."

Nígbà tí wọ́n tú bándéèjì lọ́jọ́ kejì,
ó wo dókítà láti orí dé bàtà:
"Ṣé ọmọ bíńtín yìí lẹ jẹ́ kó fi abẹ kàn mí lójú?"
Mo ní, "Ó ní ẹ ṣeun."
Kì í ṣe irọ́ pátápátá. Omi ti ń bọ́ lójú rẹ̀ méjèèjì,
ojú tuntun àti ti àná.

Bàbá Ọlọ́runlékè gun ọ̀kadà láti Mọ̀pà,
ó wọ aṣọ ọjọ́ Ìsinmi.
Dókítà tan iná tẹ́ẹ́rẹ́ sí i lẹ́yinjú,
ó pẹ́ níbẹ̀. Ó pa iná. Ó dì mí lápá mú.
Ohun tó sọ kò ju gbólóhùn méjì lọ lédè tirẹ̀.
Iṣan tó ń gbé ìmọ́lẹ̀ lọ sínú ọpọlọ ti kú.
Ṣé "kú" ni mo máa sọ fún ẹni tó múra báyìí wá?
Mo ní, "Bàbá, ó pẹ́ kẹ́ ẹ tó wá."

Dókítà ò sọ bẹ́ẹ̀.
Èmi ni mo gbé ẹ̀bi lé e lọ́wọ́
níbi tí mo ti ń wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀.

Ó mi orí. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."
Ìyẹn ni mo túmọ̀ láìfi nǹkan kan sílẹ̀.

Wọ́n gbàdúrà, wọ́n ya fọ́tò, wọ́n di ẹrù.
Lọ́jọ́ Ajé, àwọn ọmọ padà sí kíláàsì,
ọ̀kan nínú wọn rí òwú lábẹ́ bẹ́ǹṣì, ó fi dá irùngbọ̀n.

Ọdún méjì rèé.
Dókítà ti lọ pẹ̀lú ohùn tirẹ̀,
tèmi ni Bàbá mọ̀.
Bí mo bá bèèrè "èló?" lọ́jà, yóò yíjú láàárín èrò:
"Okun o, dókítà."
Mo ti sọ fún un pé èmi kọ́.
Á bèèrè bóyá ọmọ náà délé láyọ̀,
wọ́n ní òkun ọ̀hún gbòòrò.
Lẹ́yìn náà á yọ ìgò oògùn ojú tí wọ́n fún un kí ojú má baà máa ta á.
Ó ti gbẹ tipẹ́, aṣáà ló ń kó sínú rẹ̀.
Á ní kí n tún bá òun ka ohun tí wọ́n kọ sí i lára.

Mo kà á. Ẹ̀kán kan láàárọ̀. Ẹ̀kán kan lálẹ́.
Mi ò ka ọjọ́ tí agbára rẹ̀ tán.